Owó Ẹyọ Orí Abẹ́rẹ́

Ohun tí Katebe Ng'andwe ti ń sá fún láti ohun tó lé ní ogójì ọdún dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan. Wọ́n fi aṣọ ìnura wé e, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ló sì gbé e dání.

"Ọ̀bọ," ni ọ̀rẹ́ náà pè é láti ìta, "ṣílẹ̀kùn jàre. Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Zondiwe Nzima nìyẹn. Ohùn rẹ̀ kò ju bí ìgbà tí ewé gbígbẹ bá ń ha ara wọn lọ. Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́fun, láti ìgbà náà ni kò sì ti lè sọ̀rọ̀ ju wúyẹ́wúyẹ́ lọ. Àmọ́ wúyẹ́wúyẹ́ ọ̀hún tó o láti fi bú èèyàn, kò sì fi í ṣòfò rí.

"Ìyá Lombe!" Katebe ké sí ìyàwó rẹ̀ nínú ilé ìdáná. "Ẹ dí gbogbo ihò eku inú ilé yìí o, ará Ngoni ti dé. Ebi ló ń pa á."

Bí wọ́n ṣe máa ń kíra nìyẹn. Ẹ̀yà Bemba ni Katebe, ẹ̀yà Ngoni ni Zondiwe, àwọn baba ńlá àwọn méjèèjì sì ti bára wọn jagun rí. Nígbà tí ogun tán, wọ́n sọ ara wọn di mbuya: ẹ ó máa bú ara yín títí láé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú. Ẹni tó bá bínú ni yóò fi adìyẹ kan tọrọ àforíjì. Kódà níbi ìsìnkú, Ngoni lè dúró ti pósí Bemba kó máa fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn tó ń sunkún á sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò mọ ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n ti fi èébú pa ogun, ṣùgbọ́n ní Luanshya níbí, ní ìlú àwọn awakùsà, ó ń ṣiṣẹ́ ju òfin ìjọba lọ.

Zondiwe jókòó, ó tú aṣọ ìnura náà sórí tábìlì. Katebe ti mọ ohun tó wà níbẹ̀ kó tó tú u. Àwo orin ni, àwo dúdú kékeré, pẹlẹbẹ, tí ìwé pupa wà ní àárín rẹ̀.

"Àwọn ọmọ àbúrò mi obìnrin tó kú ní Chipata ló fi àpótí ìyá wọn ránṣẹ́," ni Zondiwe wí. "Abẹ́ àwọn aṣọ ni mo ti bá a. Orin mi ni, Katebe. Òun nìkan ló kù láyé."

"Mo rí i," ni Katebe wí.

"Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní irọ́ ni mò ń pa. Wọ́n ní, Bàbá àgbà, ẹ̀yin wo ló kọrin? Ẹ̀yin tí ẹ kò lè pe ajá kó gbọ́? Kí ni mo fẹ́ fi dá wọn lóhùn? Wúyẹ́wúyẹ́?" Ó fi ìka kan àwo náà. "Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi náà ti ń gbàgbé pé mo kọrin rí. Ṣé o lè ṣe é?"

"Àwo yìí ti bàjẹ́, Zondiwe."

"Mo mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Ṣé mo bi ọ́ bóyá ó bàjẹ́? Mo ní ṣé o lè ṣe é."

Kò sí bí Katebe ṣe máa sọ pé rárá. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tún àwọn ẹ̀rọ òṣùwọ̀n ṣe níbi ìwakùsà, láti ìgbà tó sì ti fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó ní ẹ̀rọ àwo orin láti Ndola títí dé Kitwe tí kì í gbé e wá bá a. "Fi sílẹ̀," ló wí. "Padà wá ní Ọjọ́rú."

"Mo máa wá lọ́la."

"Mo ní Ọjọ́rú!"

"Mo máa wá lọ́la náà kí n wá máa ṣọ́ ọ. Ta ló ń fi ọ̀bọ sílẹ̀ lóun nìkan nídìí nǹkan oní-nǹkan?"

Nígbà tó lọ tán, Katebe jókòó ti àwo náà, kò fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn Katebe kedere, nítorí ọkùnrin kì í sọ irú ẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun ló ba àwo yẹn jẹ́.

Ọdún 1979 ni. Zondiwe àti àwọn awakùsà mẹ́rin ló dá owó jọ, wọ́n lọ tẹ ogún àwo ní Ndola, mọ́kàndínlógún sì fọ́n ká sọ́wọ́ àwọn tó rà wọ́n. Ìkogún yìí ni Zondiwe gbé fún Katebe, nítorí Katebe ló ń gbé àwo sórí ẹ̀rọ ní ilé ọtí àwọn òṣìṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ní gbogbo ilé ọtí ìgbà yẹn, bí èèyàn bá ń jó tí ilẹ̀ pákó ń mì, tí abẹ́rẹ́ sì ń fò, owó ẹyọ onírin, ogún ngwee ilẹ̀ wa, ni wọ́n máa ń fi lé e lórí. Ó máa ń jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan níbi tí wọ́n ti ń tẹ àwo kìlọ̀ fún Zondiwe pé owó ẹyọ máa ń jẹ àwo ní àjẹrun. Nítorí náà ló ṣe mú Katebe búra. "Má fi owó ẹyọ sórí tèmi o." Katebe sì búra.

Sátidé àkọ́kọ́, èrò pọ̀, wọ́n jó bí ẹni tí wọ́n ń lé, abẹ́rẹ́ fò lẹ́ẹ̀mẹta láàárín orin kan ṣoṣo. Ojú ti Katebe fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó fi ṣingọ́ọ̀mù lẹ owó ẹyọ kan mọ́ orí apá ẹ̀rọ náà, ó fi téèpù dúdú bò ó kí Zondiwe má baà rí i, orin sì lọ geere. Nígbà tí oṣù méjì fi máa pé, ohùn Zondiwe ti di ìró yanrìn nínú àwo yẹn. "Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ni," ni Katebe sọ fún un. "Rọ́bà burúkú ni wọ́n lò." Zondiwe wo àwo náà, ó wo ilẹ̀, ó ní bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló jáwọ́ nínú orin kíkọ, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì gbé àwo náà lọ sí Chipata. Ìgbà tí ibi ìwakùsà rán Katebe lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ òṣùwọ̀n ló tó mọ bí owó ẹyọ kan ṣe wúwo tó lórí abẹ́rẹ́. Láti ìgbà náà, kò sí Kérésìmesì tí àwọn méjèèjì jọ jẹun tí oúnjẹ ò há Katebe lọ́rùn díẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti Katebe ti lé ní ogójì, ó sì wà lórí tábìlì rẹ̀.

Ó gbé àwo náà sábẹ́ gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ojú àwo orin dà bí oko tí wọ́n ti kọ ebè sí; inú poro tó wà láàárín àwọn ebè náà ni abẹ́rẹ́ ń gbà. Etí àwọn poro náà ti wó, ọgbẹ́ wà káàkiri. Ohun tó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ni pé ọgbẹ́ náà pọ̀ ju èyí tí owó ẹyọ kan lè dá lọ. Ó ti rí àwo tí owó ẹyọ jẹ, kì í rí báyìí. Ohun kejì ló mú un dìde dúró. Ìsàlẹ̀ poro náà ń dán. Abẹ́rẹ́ ayé ọjọ́un nípọn, orí rẹ̀ rí roboto bí orí orógùn, etí poro ló ti há, kò dé ìsàlẹ̀ rí.

Katebe ní abẹ́rẹ́ kan nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, èyí tí Lombe ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Johannesburg, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹnu abẹ ìfárí. Bí wọ́n bá gbé e sí bó ṣe yẹ kó wà gẹ́lẹ́, ó lè gba ìsàlẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ṣì í gbé, yóò parí ohun tí owó ẹyọ bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Zondiwe ti dé kí Katebe tó mu tíì tán. Ó gbé àga síwájú tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé gíláàsì yẹn ni ojú rẹ? Mo rò pé ọ̀bọ máa ń ríran láti orí igi."

"Bí o bá tún mí sórí tábìlì yìí, n óò lé ọ jáde."

"Bínú, bínú dáadáa. Adìyẹ ló wù mí jẹ."

Katebe kò bínú. Ó fi lẹ́fùlù wo tábìlì, ó gbé ẹ̀rọ àwo orin rẹ̀ lé e, ó ki páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà kan títí gbogbo rẹ̀ fi tẹ́jú. Ó fi sukúrúù méjì de ilé abẹ́rẹ́ tuntun mọ́ orí apá ẹ̀rọ, ó sì ń fi wáyà mẹ́rin tí kò nípọn ju irun lọ wọ ibi tí kálukú wọn ń gbé. Wáyà kẹta yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró, ó mu munkoyo, ohun mímu àgbàdo tí Ìyá Lombe gbé wá, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kan ìwọ̀n. Ní ìdí apá ẹ̀rọ, irin ribiti kan wà níbẹ̀ tó tóbi tó ìdérí ìgò. Bí o bá yí i síwájú, abẹ́rẹ́ á wúwo. Bí o bá yí i sẹ́yìn, á fúyẹ́. Katebe yí i díẹ̀díẹ̀ títí apá náà fi léfòó, tí kò lọ sókè, tí kò wá sílẹ̀. Ó wá yí i síwájú bíńtín, ó sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ sórí òṣùwọ̀n kan tí kò tó páálí ìṣáná. Ìwọ̀n gíráàmù kan àti ìlàjì ló kà. Ó tún yí i ní ìwọ̀n orí èékánná. Ó wá jẹ́ gíráàmù kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ kó tó kíyè sí i pé èébú ti dáwọ́ dúró. Zondiwe ń wo irin ìdí apá ẹ̀rọ náà.

"Èyí tó wà nídìí yẹn," ló béèrè, "bí ẹnì kan bá yí i síwájú jù ńkọ́? Kí ló máa ń ṣe àwo?"

Katebe gbé ọwọ́ kúrò lára irin náà. "Á máa walẹ̀. Bí ẹni tó ń fi ọkọ́ ro poro. Kí ló dé?"

"Mo kàn béèrè ni."

Kò pẹ́ tó fi dìde, ó ní òun ń lọ. Kò pe Katebe ní ọ̀bọ, kò bú ilé, kò bú munkoyo. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọra, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Zondiwe máa jáde nínú ilé yẹn láìbú ẹnikẹ́ni nìyẹn.

"Ara rẹ̀ kò yá ni?" ni Ìyá Lombe béèrè.

"Mi ò mọ̀," ni Katebe wí. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé: ó ti mọ̀. Ó mọ̀ pé èmi ni mo ba orin òun jẹ́, ó ń dẹ mí wò ni. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ẹni tí ẹ jọ ń bú ara yín láti kékeré, bí ó bá lọ dákẹ́ fún ọ, kí ló tún kù fún ọ láyé?

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó parí ìyókù. Ó tẹ́ ìwé tí wọ́n fa ilà sí sórí ẹ̀rọ náà, ó sì rí i pé abẹ́rẹ́ dúró gbọnrangandan pẹ̀lú ilà ní ojúkò méjèèjì, èyí tó wà lápá ìta àti èyí tó súnmọ́ àárín. Ó gbé dígí pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ àti òjìji rẹ̀ sì dúró ṣánṣán lórí ara wọn bí òpó kan ṣoṣo. Nítorí pé àwo tó ń yí máa ń fa apá ẹ̀rọ sí àárín, ó so okùn kékeré tó ń fà á padà síta. Ó wá gbé àwo orin ìsìn kan sí i láti fi dán an wò. Ohùn àwọn akọrin dára, àmọ́ gbogbo ibi tí wọ́n bá ti fẹnu pe "s" ló ń ta pàrà bí epo gbígbóná. Ìdí apá ẹ̀rọ ló wà nílẹ̀ jù. Ó gbé e sókè ní ìwọ̀n ìwé bébà méjì, ó tún gbọ́ ọ. Ó ṣì ń ta. Ó fi bébà kan kún un. Pàrà náà dákẹ́ wẹ́lo, orin ìsìn náà sì wọlé bí ẹni tó bọ́ bàtà kó tó wọlé.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ì bá ṣe pé ẹnì kan ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un ní ọdún 1979, tí òun náà sì gbọ́.

Ọ̀sán ni Zondiwe dé, ó kí i bí ẹni ń kí pásítọ̀. Katebe gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ, ó tan ẹ̀rọ, àwo bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó mú apá ẹ̀rọ dání, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀.

"Zondiwe, kí n tó gbé e kalẹ̀. Bí ó bá kọrin, bí kò sì kọrin, mi ò lè purọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Èmi ni. Mo fi owó ẹyọ sí i. Mo fi téèpù dúdú bò ó kí o má baà rí i. Lẹ́yìn tí mo ti búra fún ọ. Nítorí mi lo ṣe fi orin sílẹ̀."

Zondiwe tẹ orí ba. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọlọ́run ò, ni Katebe wí nínú ara rẹ̀, mo ti pa ọkùnrin yìí lẹ́kún. Àmọ́ nígbà tí Zondiwe gbé ojú sókè, ẹ̀rín ló ń rín, ẹ̀rín tí kò ní ohùn, omi sì ń da lójú rẹ̀.

"Ìwọ wà lórí," ló wí nígbà tó rí èémí mí. "Èmi wà nídìí."

"Ìdí kí ni?"

"Irin yẹn! Gbogbo ìgbà tí o bá ti lọ jẹun ni mo máa ń lọ yí i síwájú. Ó ń fò, Katebe! Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín! Mo ní kí o má fi owó ẹyọ sí i, mo wá ń lọ fi ọwọ́ ara mi yí irin. Nígbà tó bàjẹ́, mo mọ̀ pé èmi ni. O ní rọ́bà burúkú ni wọ́n lò, mo ní ẹ ṣeun, Olúwa. Ó tó ogójì ọdún tí mo ti ń rò pé lọ́jọ́ tí o bá mọ̀, o ò ní dárí jì mí. Bẹ́ẹ̀ ni mo jẹ́ kí o máa bú àwọn tó tẹ àwo."

"A jọ bú wọn ni."

"A bú wọn títí kan àwọn ìyá wọn!"

Katebe di etí tábìlì mú. Ọgbẹ́ tó pọ̀ ju ti owó ẹyọ kan! Ó yẹ kó mọ̀. "Orin tí o fi sílẹ̀ ńkọ́?"

"Ta ló sọ fún ọ pé nítorí rẹ ni?" Èébú ti padà sójú Zondiwe, ó sì wuyì. "Ìyàwó mi bí ìbejì, wọ́n gbé mi lọ sí iṣẹ́ alẹ́. Èwo ni kí n fi sílẹ̀, ìbejì àbí orin? O joyè tí ẹnikẹ́ni kò fi ọ́ jẹ, ìwọ ọ̀bọ yìí. Ogójì ọdún gbáko!"

Ìgbà náà ni Katebe rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ti inú ikùn rẹ̀ wá, ó rín in títí ìhà fi ń dùn ún, ó sì rí i pé àyà òun ṣí, afẹ́fẹ́ ń wọ ibi tí kò ti wọ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́. Ìtura náà pọ̀ dé bi pé ó fẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Àwa méjèèjì la jẹ gbèsè adìyẹ," ló wí.

"Kí oníkálukú jẹ tirẹ̀. Gbé nǹkan yẹn kalẹ̀ kí n tó kú."

Katebe sọ apá ẹ̀rọ kalẹ̀. Abẹ́rẹ́ fara kan àwo. Ó kọ́kọ́ ta pa-pa-pa bí iná tó ń jó igi tútù, jìtá méjì sì gba inú rẹ̀ jáde, ìlù tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan gòkè, ohùn ọ̀dọ́kùnrin, ó tutù, ó lágbára, kò sì yára.

*Oòrùn, dúró dè mí, abẹ́ ilẹ̀ ni mo wà.*
*Má tíì wọ̀, oòrùn, mò ń bọ̀ wá wò ọ́.*

Yanrìn ṣì wà nídìí rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fò, kò sì fọ́ níbì kan. Zondiwe ti fún orúnkún rẹ̀ méjèèjì mú. Ètè rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò gbàgbé ìkankan.

Ìyá Lombe dáwọ́ dúró nídìí nshima, òkèlè àgbàdo tó ń rò. Ọdún kẹta lẹ́yìn tí Zondiwe fi orin sílẹ̀ ló tó fẹ́ Katebe, kò gbọ́ orin náà rí láyé rẹ̀.

"Bàbá Lombe!" ó ké láti ilé ìdáná. "Ta nìyẹn? Ta ló ń kọrin tó dùn tó báyìí?"

Katebe la ẹnu, Zondiwe sì gbé ọwọ́ sókè pé kó dákẹ́. Ó dìde. Ó kọjú sí ilé ìdáná, ó mí kanlẹ̀, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ sọ ọ́.

"Èmi ni."

Kò tilẹ̀ kọjá etí tábìlì. Nínú àwo, ọ̀dọ́kùnrin náà ṣì ń pe oòrùn.

"Mo ní ta ni o?" ni Ìyá Lombe tún ké.

Zondiwe yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Katebe dìde dúró tì í, ó gbé orí sókè, ó sì fi ohùn tó máa dé òpin àdúgbò pariwo:

"Zondiwe ni o! Zondiwe Nzima ló ń kọrin! Ará Ngoni tó ń jẹ eku!"